Orúkọ Mi Lára Àwọn Aláriwo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Nínú àlá tí mo lá mọ́jú òní, èmi fúnra mi ni mo fi ara mi ṣẹ̀sín.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Lánàá, mo ní kí mọ́nítọ̀ kọ orúkọ àwọn aláriwo sójú pátákó, mo sì kọ “nọ́ìsì” gàdàgbà sókè rẹ̀. Ẹni tó bá tún pariwo, wọ́n á kọ ìgbà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ni Mọ̀nísọ́lá bá nawọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá?”

N kò mọ̀. Kàkà kí n sọ bẹ́ẹ̀, mo jágbe mọ́ ọn, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ tiẹ̀ náà síbẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ sunkún.

Àfi bí mo ṣe sùn tí mo bá ara mi ní ọ́fíìsì ìjọba, níbi tí wọ́n ti fẹ́ yẹ̀ mí wò kí n lè di ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ́fíìsì náà léfòó sórí òkun. Mo kàn ká ṣòkòtò mi sókè ni. Ọ̀gá olùyẹ̀wò ń wá bírò lọ́wọ́, ló bá di ewúrẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ta ni mo jẹ́ tí n ó máa ṣa irú ọ̀gá tí n ó kí?

Ewúrẹ́ jẹ fáìlì mi tán, ó nu irùngbọ̀n. “Tíṣà Adégòróyè, kí ni nọ́ìsì, níbo ló sì ti wá?”

“Ariwo ni, sà.”

“Ìtumọ̀ nìyẹn. Níbo ló ti wá ńkọ́?”

Mo bá fi igbe bọnu: “Ẹ dákẹ́ síbẹ̀! Ẹ kọ orúkọ rẹ̀!”

Pátákó tó wà lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀. “Tiyín ni mo kọ, sà.” Mo wẹ̀yìn wò. Lóòótọ́: Adégòróyè, ìgbà mẹ́ta.

Ìgbì wá ń bi ọ́fíìsì síwá sẹ́yìn. Èébì gbé mi dé ọ̀fun. Ni Mọ̀nísọ́lá bá wa ọkọ̀ ojú omi dé ojú fèrèsé, ó ń jẹ gúgúrú.

“Sà, inú ohun tó ń ṣe yín yẹn gan-an ni nọ́ìsì ti wá. Wọ́n ní àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan fún èébì tí òkun ń kó bá èèyàn. Ẹnu àwọn Faransé ló ti wá di ìjà àti ariwo, kí Gẹ̀ẹ́sì tó yá a lọ́wọ́ wọn.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Mo wò ó nínú dikiṣọ́nárì ni, sà. Ẹ̀yin náà ní ọ̀kan.”

Ojú tì mí gan-an. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n “mèé-è-è!” ló jáde lẹ́nu mi. Ariwo yẹn ló jí mi.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyàwó mi kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì mi kọ̀wé sára ilẹ̀kùn yàrá: *Aláriwo: Bàbá Tọ́lání, ìgbà mẹ́rin.*

“Kí ni mo ṣe?” mo kígbe.

Ó dáhùn láti pálọ̀: “Ẹ hanrun títí mo fi sá fún yín. Ẹ tún fi igbe ewúrẹ́ parí ẹ̀!”

Mo mú dọ́sítà kí n pa á rẹ́. Mo rántí pé orúkọ Mọ̀nísọ́lá ṣì wà lójú pátákó. Mo bá fi tèmi sílẹ̀ níbẹ̀, mo ki dọ́sítà bọ báàgì, mo gba ilé-ìwé lọ.