Àyà Láyí

Láti ọjọ́ tí Màmá Àmọ̀kẹ́ ti ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé sí Castle Green nílùú òyìnbó láti wá wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀, Láyí, ohun kan ò jẹ́ kó fọkàn balẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó wẹ ọmọ tán, ó gbé e mọ́ra, ó tún pariwo:

"Ọpẹ́yẹmí! Ta ló ń dẹ́rù ba ọmọ yìí? Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì!"

Ọpẹ́yẹmí, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ẹ̀rù, Màmá. Ara tó bá kéré, ooru kì í pẹ́ kúrò lára rẹ̀, ló fi ń yára lo oúnjẹ, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré. Ti eku tún yára jù báyìí lọ. Ti erin ló ń rọra lù, gbì... gbì..."

"Tó bá wá dàgbà ńkọ́?"

"Á rọlẹ̀, mà."

Ọpẹ́yẹmí na ọwọ́ gba ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀ kan àyà ìyá rẹ̀: kìkìkì.

"Màmá! Ẹ̀yin kì í kúkú ṣe ọmọ ọwọ́."

Màmá wo àpótí rẹ̀ tí wọ́n ti dì sẹ́nu ọ̀nà de bàálù tó máa gbé e padà sílé lọ́la.

"Ẹ̀rù ni tèmi," ó ní. "Ọmọ yìí á dàgbà, kò ní ṣojú mi."