Ìṣẹ́jú Méjìdínláàádọ́ta

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Fáìlì. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń tọ́jú fáìlì ní kílíníìkì yìí, ẹnu mi sì mú, mi ò níí purọ́. Tẹ́ ẹ bá dé tẹ́ ò mú káàdì yín dání, ẹ máa gbọ́ tiyín kẹ́ ẹ tó jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi fúnra mi ló bá wí.

Kílíníìkì wa ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ní ìṣègùn ìdílé. Wọ́n ti jáde ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti di dókítà tán, síbẹ̀ wọ́n á tún wá lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bàbá, ìyá, ọmọ àti màmá àgbà nínú ilé kan náà. Ọ̀gá wa, tó jẹ́ olórí àwọn olùkọ́ wọn, ló gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Aago tí aláìsàn wọlé tọ dókítà, kí n kọ ọ́. Aago tó jáde, kí n kọ ọ́. Mo fẹ́ràn ìwé yẹn. Rúlà ni mo fi ń fa ìlà inú rẹ̀.

Inú ìwé yẹn gan-an ni Dókítà Ẹ-Máa-Wí ti wọ gàù.

Obìnrin ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó wà ní ọdún kejì. Àwọn tó ń dúró lórí bẹ́ǹṣì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí béèyàn bá ti jókòó níwájú rẹ̀, á gbé bírò sílẹ̀, á ní, "Ẹ máa wí, mò ń gbọ́." Ẹni tó bá sì ti rí ẹni tó máa gbọ́ tiẹ̀, ṣé ìyẹn tún máa ń dákẹ́ ni? Tí wọ́n bá sọ ọ́ tán, á wá ya àwòrán ẹbí aláìsàn sójú ewé àkọ́kọ́ fáìlì: onígun mẹ́rin fún ọkùnrin, róbótó fún obìnrin, ẹni tó bá ti kú, á fa ìlà gba inú tiẹ̀ kọjá. Gbogbo wọn ni Ọ̀gá kọ́ ní àwòrán yìí o. Àwọn yòókù á ya onígun mẹ́rin kan àti róbótó kan, wọ́n á ní ó tó. Tiẹ̀ á kún dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Káwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí èèyàn mẹ́wàá, òun á rí mẹ́rin. Bẹ́ǹṣì á kún, wọ́n á máa kùn, èmi ni wọ́n á sì máa kùn sí. Èmi náà á lọ gbá ilẹ̀kùn rẹ̀: "Dókítà, ṣé ìtàn ìgbésí ayé wọn lẹ̀ ń bá wọn kọ ni?" Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ má bínú, mà, ó kù díẹ̀." Díẹ̀ tiẹ̀ kì í tán.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní kí n kó gbogbo aago Ẹ-Máa-Wí fún oṣù mẹ́ta jọ sójú ìwé kan, pé lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn olùkọ́ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tó bá hàn pé kò lè yára, wọ́n á ní kó máa lọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Mo ní, "Ẹ ti rí i gbà, sà." Kí n má tàn yín, inú mi dùn. Mo ní a máa sinmi.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, ọkọ mi wá sí kílíníìkì. Bíríkìlà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti ní ìtọ̀ ṣúgà láti ọdún mẹ́sàn-án. Orúnkún ló ní ó ń dun òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wá láàárín oṣù mẹ́ta torí orúnkún yẹn, wọ́n á fún un ní oògùn ìpara, á máa lọ. Mo ti fi fáìlì rẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà tó yára jù, àfi bí wọ́n ṣe sáré pe ìyẹn sí yàrá ìgbẹ̀bí. Ni ọkọ mi bá bọ́ sọ́wọ́ Ẹ-Máa-Wí. Mo ní, "Yéè, ó parí!" Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ó wọlé, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.

Aago mẹ́sàn-án àbọ̀, kò jáde. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò jáde. Lórí orúnkún kan ṣoṣo! Ara mi ti ń gbóná. Mo dìde pé lónìí ni màá sọ ọ́ sí i lójú, ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Dókítà yọrí, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ìyá Fáìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, mà. Bàbá ní ojú yín làwọn fẹ́ sọ ọ́."

Ọkọ mi ò wo ojú mi. Àwòrán ẹbí rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ìlà ti gba inú bàbá rẹ̀ kọjá, ó gba inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni dókítà kọ síbẹ̀: ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ máa wí," ni dókítà sọ.

"Egbò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi," ni ọkọ mi wí.

"Láti ìgbà wo?" Èmi ni mo pariwo ẹ̀.

"Ó tó oṣù mẹ́ta. Má bínú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá mi, kò pé oṣù kan tó fi kú. Wọ́n gé ti ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ò padà wálé. Mo ní tí ẹnikẹ́ni ò bá ti rí i, kò sẹ́ni tó máa gé e."

Ìbọ̀sẹ̀! Ẹ gbà mí o. Oṣù mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ti ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀ nílé, tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo sì ń fi yangàn! Mo ń sọ fáwọn nọ́ọ̀sì pé, "Ọkọ tèmi ti ń fọ ìbọ̀sẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ lọ kọ́ tiyín." Mi ò mọ̀ pé ọyún ló ń fọ̀ kúrò.

Dókítà kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rọra bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà. Ihò kan wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, orí ìka á wọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ kan etí egbò náà, ọkọ mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan òun. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé gìgísẹ̀ ló fi ń rìn kí egbò má baà kan ilẹ̀, ìyẹn ló ba orúnkún rẹ̀ jẹ́. Ó wá gbá ẹsẹ̀ náà mú, ó ní, "Bàbá, mi ò tíì mọ bó ṣe jìn tó. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tá a bá fẹ́ ṣe sí i, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ sọ fún. Ẹnikẹ́ni ò níí gé nǹkan lára yín lẹ́yìn yín."

Ọkọ mi bú sẹ́kún. Ẹni tí búlọ́ọ̀kù já lù léjìká rí, tí kò da omi lójú! Mo padà sídìí tábìlì mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀: ó jáde, aago mẹ́wàá géérégé. Ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta. Mo gbé rúlà, mo tún gbé e sílẹ̀, mi ò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ya àwòrán egungun ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Kò tíì dé egungun. Nọ́ọ̀sì tó wẹ egbò náà sọ fún mi pé ká ní ó tún lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i nínú ìbọ̀sẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á ti yàtọ̀. Mo dúpẹ́ títí ẹnu fi ń ro mí. Àfìgbà tí mo rántí ọjọ́ Ẹtì ni inú mi bà jẹ́. Ìwé tí mo kó jọ, tòun ti aago ọjọ́ Ajé yẹn, ti wà lọ́wọ́ Ọ̀gá, òótọ́ sì ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mi ò lè lọ yí i. Ọkọ mi ní, "Mú fáìlì mi dání lọ. Mo yọ̀ǹda."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá àtàwọn olùkọ́ méjì jókòó. Ẹ-Máa-Wí wà ní ìkángun tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan. Ọ̀gá bi mí pé, "Ìyá Fáìlì, ṣé aago inú ìwé yìí péye?"

"Ó péye, sà."

"Ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta lọ́jọ́ Ajé? Lórí orúnkún?"

"Kì í ṣe orúnkún, sà." Mo ṣí fáìlì, mo ṣí ìwé mi tì í. "Ọkọ mi ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìkejì, márùn-ún. Ìkẹta, mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápapọ̀, kò sẹ́ni tó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Èmi tí mo ti bá a gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò bọ́ ọ. Ọmọ yìí ló bọ́ ọ. Òun ló jẹ́ kí ọkọ mi ṣì ní ẹsẹ̀ méjì lónìí."

Ọ̀gá fa fáìlì sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń ṣí i léwé-léwé. Nígbà tó dé ìgbà kẹta, kò ṣí i mọ́. Mo mọ ohun tó ń wò. Mo ti mọ̀ látàárọ̀, mi ò sì pète láti sọ ọ́.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìkọ̀wé mi nìyí," ló wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin yìí, èmi ni. Èmi tí mo ń kọ́ yín láti ya àwòrán ẹbí, mi ò yà á." Ó yíjú sí Ẹ-Máa-Wí. "Dókítà, ìbéèrè wo lẹ bi bàbá?"

"Mo kàn bi wọ́n pé kí ló pa ẹ̀gbọ́n wọn, sà. Wọ́n dákẹ́. Èmi náà dákẹ́ dè wọ́n."

"Fún ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mi ò wo aago, sà."

Ọ̀gá rọra ká ìwé tí mo kó jọ sí méjì, kò sì ṣí i mọ́.

Wọn ò ní kó lọ. Àwọn tí àìsàn wọn ti pẹ́ lára ni wọ́n ń darí sí i báyìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gba ikọ́ àti ọ̀fìnkìn. Ọ̀gá sì ní kí n fa ìlà kan sí i nínú ìwé mi, lẹ́yìn aago ìwọlé àti aago ìjáde, kí dókítà máa kọ ohun tó rí síbẹ̀. Mo fi rúlà fà á.

Lánàá ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Egbò ti jinná. Ọkọ mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ìbọ̀sẹ̀ tí mo fi ọwọ́ mi fọ̀ ló wọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé dókítà yìí mà ń pẹ́ o, ṣé ó ń sùn nínú ibẹ̀ ni. Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè síwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ fara balẹ̀ o, ó máa kàn yín." Ọ̀gbẹ́ni náà wò ó, kò kùn mọ́.

Mo dìde, mo lọ kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú: "Ẹ má bínú, mà, ó kù díẹ̀."

Mo ní, "Dókítà, ẹ máa bá a lọ. Kò sẹ́ni tó ń lé yín."