Wọ́n Fi Orúkọ Yéwándé Ṣí Páánù

Nígbà tí Yéwándé fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn bi í ni ohun tó fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣe. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ń ti ojúlé dé ojúlé ní àárín Ìbàdàn pẹ̀lú àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé léjìká, láti Ọjà'ba dé Àrẹ̀mọ, láti ẹ̀yìn Mápó sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹyẹrúnkà. Opó ni. Ilé kékeré tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sí Òkè Padre kó tó kú ló ń gbé, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà lókè òkun. Ó mọ̀ pé pẹ́nṣọ̀n nìkan kò lè gbọ́ bùkátà òun títí, kò sì fẹ́ di ìyá tí ọmọ ń wo fóònù rẹ̀ tí kò fẹ́ gbé. Ló bá pinnu láti ra ilé kan tí yóò máa fi gba ayálégbé.

Gbénga, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì l'Ékòó, wá gbé e ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kí àwọn lọ wo ẹ́sítéètì tuntun kan lẹ́yìn Mọ́níyà. Wọ́n wa mọ́tò tó wákàtí kan kí wọ́n tó débẹ̀.

"Àǹtí, ibi tí ayé ń lọ nìyí," Gbénga sọ. "Tó bá fi máa di ọdún márùn-ún sí i, ẹ ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Yéwándé kò bá a jiyàn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn mọ ilé tí èèyàn ń gbé yàtọ̀ sí èyí tó ṣófo. Ó rí koríko tó hù dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí pátákó pé ilé wà fún ayálégbé, oòrùn sì ti pọ́n ọ̀dà ara rẹ̀ lá tán. Ó bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì pé ìgbà wo ni fúláàtì tó wà lẹ́bàá géètì ti ṣófo.

"Bí mo ṣe bá a nìyẹn, mà. Ọdún kejì tí mo débí rèé."

Nígbà tí wọ́n padà sínú mọ́tò, Yéwándé bi àbúrò rẹ̀ léèrè pé ta ni yóò wá gbé ibẹ̀.

"Wọ́n máa wá," Gbénga dáhùn.

"Owó ilé kì í ti ara búlọ́ọ̀kù jáde, Gbénga. Ara èèyàn ló ti ń jáde."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń tajà l'Ọ́jà'ba fẹ́ ibi tó lè fẹsẹ̀ rìn dé tí ilẹ̀ bá ṣú. Bẹ́ẹ̀ náà ni télọ̀, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ. Ní gbogbo ọdún tó fi wọ Bẹyẹrúnkà, kò rántí yàrá kan tó ṣófo ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Òótọ́ ni pé àwọn ilé ibẹ̀ ti gbó, amọ̀ ló wà nínú, sìmẹ́ńtì ló wà lára, yàrá wọn kọjú síra. Ṣùgbọ́n owó tí kò lè ṣe ju ìpìlẹ̀ lọ ní Mọ́níyà, yóò ra odindi ilé níbẹ̀.

Gbénga rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. "Ilé amọ̀, Àǹtí? Níbi tí kò sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí?"

"Àwọn tí yóò gbé ibẹ̀ kò ní mọ́tò."

Ajẹ́ntì kan tó ń jẹ́ Daniel, tó ní ọ́fíìsì ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bẹẹrẹ, ló mú un lọ wo ilé àwọn Ifátóyìn ní Bẹyẹrúnkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ aṣọ wọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Àwọn ọmọ tó ni ilé náà ti fọ́n ká, Bàbá Ifátóyìn tó jẹ́ àgbà wọn sì ń gbé Àrẹ̀mọ. Wọ́n fẹ́ tà á kí wọ́n pín owó rẹ̀ kí ìjà tó dé. Yàrá mẹ́jọ ni, kànga wà lẹ́yìnkùlé, èèyàn sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Yéwándé bá méjì pàdé lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ni Mutmainnah, opó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èkejì ni Bàbá Ògúnbọ̀wálé, aránbàtà tó ti gbé yàrá iwájú fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bàbá náà gbé ìjókòó fún un, ó sì fi ibi tí òjò ti ń jò lára àjà hàn án láìfi bò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Daniel ń ṣẹ́jú sí i.

"Ilé yìí tẹ́ mi lọ́rùn," Yéwándé sọ fún Daniel bí wọ́n ṣe ń jáde. Wọ́n fi ẹnu kò lórí iye rẹ̀. Ìparí oṣù ni owó rẹ̀ yóò wọlé.

Kò sọ fún un pé àwọn èèyàn inú ilé náà lòun torí ẹ̀ fẹ́ rà á. Kò rò pé ó yẹ kí òun sọ ọ́.

Oṣù Keje ni. Òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé mọ́jú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Yéwándé mú káfíńtà kan dání, ó ní kó bá òun wo àwọn igi àjà. Bí wọ́n ṣe yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé náà, káfíńtà náà dúró.

"Mà, ṣé ilé yìí lẹ ń wí? Kò ní páánù."

Lóòótọ́ ni. Láti iwájú dé ìdajì ilé, ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò. Àwọn igi àjà wà lóòró bí egungun ìhà. Omi ti gúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ògiri amọ̀ ti ń rọ̀, ó ń já lulẹ̀ ní ìṣù-ìṣù. Wọ́n na tapólì sí igun kan, abẹ́ rẹ̀ ni Mutmainnah jókòó sí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ó ń ṣí àwọn Kùránì tó ti tutù ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́ wọn sórí àga.

Ó gbójú sókè, ó rí Yéwándé. Kò dìde, kò sì kí i.

"Ẹ̀yin ni onílé tuntun," ó wí. "Ẹ wá wò ó bóyá a ti kó jáde."

"Ta ló ṣe èyí?"

"Àwọn ọmọ ajẹ́ntì yín ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n wá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣí i, pé ẹ ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni nínú ilé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní oṣù kan. Wọ́n ní ẹ ti sọ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́."

Yéwándé ní kí ó tún un sọ. Mutmainnah tún un sọ. Yéwándé wo yàrá iwájú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan tó ń léfòó.

"Bàbá aránbàtà ńkọ́?"

"Ó ti lọ láti ọjọ́ Sátidé. A ò mọ ibi tó lọ. Àwọn yòókù ti há mọ́ àwọn yàrá ẹ̀yìn."

Yéwándé jókòó tì í lábẹ́ tapólì náà. Ó sọ fún un pé òun kò rán ẹnikẹ́ni. Mutmainnah wò ó títí, ó ní, "Orúkọ yín ni wọ́n dá, mà. Ẹ̀yin là ń gégùn-ún fún láti ọjọ́ Jímọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé e dé Bẹẹrẹ. Ó gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì Daniel láìdúró mí.

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀. Ẹ jókòó," Daniel wí.

"N ò jókòó. Ta ló ní kí o ṣí páánù lé èèyàn lórí?"

Daniel rẹ́rìn-ín músẹ́. "Áà, Mọ́mì, mo fẹ́ kó ya yín lẹ́nu ni. Gbogbo onílé tuntun ló máa ń fẹ́ ilé tó ṣófo. Ẹ ó tún un kùn, ẹ ó gba àwọn ayálégbé tó lè san ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn wọ̀nyẹn kò lè san án. Tí ẹ bá gba ilé ẹjọ́, ọdún méjì ni. Páánù ló yá jù."

"Mo ní kí o ṣe é?"

"Ẹ ò ní kí n má ṣe é."

"Daniel, ìgbà tí o ń jẹun láàárọ̀ yìí, mi ò ní kí o má jí àwo. Ṣé o jí i? Èmi tí mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n wọ àdúgbò yẹn, tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ wọn lé mi lọ́wọ́ láìbẹ̀rù, ìwọ lo fi ọjọ́ kan ṣoṣo sọ orúkọ mi di èpè. Àwọn páánù náà dà?"

Daniel wo fèrèsé. Ó ti tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ọkàn Yéwándé kò rọ̀ títí ó fi dé Àrẹ̀mọ. Ó bá Bàbá Ifátóyìn níwájú ilé, ó kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, ó sì ro gbogbo rẹ̀. Kò ya bàbá náà lẹ́nu. Ohun tó dun Yéwándé jù lọ́jọ́ náà nìyẹn.

"Ìyá nọ́ọ̀sì, Daniel ló ní ẹ ò ní sanwó tí èèyàn bá wà nínú ilé," bàbá wí. "Àwa rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ."

"Bàbá, ṣé ẹ bi mí?"

"A ò bi yín."

"Ẹ gba owó ilé lọ́wọ́ Bàbá Ògúnbọ̀wálé fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ṣé ẹ bi òun náà pé ibo ló máa sùn?"

Yéwándé dìde. Ó ní òun kò ní san kọ́bọ̀ lórí ilé náà títí páánù yóò fi padà sórí rẹ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ yóò sì wà nínú rẹ̀, àti pé Daniel kò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kó tó délé, Gbénga ti pè é. Daniel ti fi fóònù bá a sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kì í ṣe tiyín, òun ló ṣe é. Ilé ti ń ṣófo báyìí, ẹ kàn gbà á ni. Ó ní oníbàárà mìíràn wà tó ti gbé owó dání."

"Gbénga, níbo ni ìyá wa kú sí?"

Kò dúró gbọ́ èsì.

"Yàrá kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú," Yéwándé wí, "ilé onílé. Ibẹ̀ ló ti tọ́ ọ dé ibi tí o fi di òṣìṣẹ́ bánkì. Ká ní ẹnì kan wá ṣí páánù lé e lórí nínú òjò, ṣé wàá ní kí n fọkàn balẹ̀?" Ó pa fóònù náà.

Oníbàárà kejì wà lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì ó wá wo ilé náà, ó sì fi owó tó ju ti Yéwándé lọ lọ̀ wọ́n. Fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ Ifátóyìn pín sí méjì; àwọn kan ní ta ni nọ́ọ̀sì yìí tó ń pàṣẹ fún àwọn lórí ilé bàbá àwọn. Yéwándé rò pé ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń lọ jókòó ní Bẹyẹrúnkà, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé Yéwándé tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nìyí, òun kọ́ ló rán wọn. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kun Bàbá Ifátóyìn ní Àrẹ̀mọ, títí kan ìloro mọ́sáláṣí.

Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá náà fúnra rẹ̀ wá pẹ̀lú káfíńtà. Ó pe àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ó ní òun kò lè gba owó òjò tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìdílé ra páánù tuntun. Wọ́n yọ iye rẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ti ṣèlérí fún Daniel, kò sì ṣẹ́ kù nǹkan kan fún un. Daniel halẹ̀ pé òun yóò lọ sí ilé ẹjọ́. Kò lọ.

Ní ìparí oṣù, Yéwándé ra ilé náà. Yàrá méje ni èèyàn wà nínú rẹ̀, owó ilé kò lé. Mutmainnah tún bẹ̀rẹ̀ kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń kí i báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì bá a rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ògúnbọ̀wálé ló kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Yéwándé fi wá a kó tó rí i ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, nínú yàrá kan tí òun àti ọkọ ọmọ rẹ̀ jọ ń gbé, tí ikọ́ ń bá a jà. Ó sọ fún un pé yàrá rẹ̀ ṣì wà ní títì, pé òun kò fún ẹnikẹ́ni, pé kó padà.

Bàbá náà gbọ́ ọ parí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá òun.

"Mo gbà pé ẹ̀yin kọ́," ó wí. "Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ti Bẹyẹrúnkà bọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní padà. Ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò jẹ wọ́n ní oṣù kan rí. Mo wà lórí ibùsùn nígbà tí wọ́n gun orí àjà. Mo ní ẹ jẹ́ kí n wọ aṣọ. Wọn ò dúró."

Yéwándé yẹ àyà rẹ̀ wò, ó kọ oògùn ikọ́ fún un, ó sì lọ rà á wá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀nà Mápó lọ sílé. Inú ṣì ń bí i, kò sì ṣe bí ẹni pé inú kò bí òun.