Ọ̀nà Tí A Fọwọ́ Ara Wa Là

Lateefah, ọmọ mi, pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá láti Àbújá. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kwali dé ni, ojú ọ̀nà ńlá tuntun yẹn ni òun sì gbà. "Bàbá mi, ọ̀nà náà ń dán bíi dígí. Kí n tó pajú dé, mo ti kọjá ibi tí ilé wa wà." Mo ní ó kú ìrìn.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti kúrò níbẹ̀. Ìwó ni mo wà báyìí, nínú ilé bàbá mi, Bàbá Àbújá sì ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọmọdé àdúgbò rò pé olówó ni mí nítorí orúkọ yẹn, n kì í sì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó síwájú ilé lẹ́yìn ìrun alásárì, kì í ṣe Ìwó ni ojú mi ń rí. Yẹ̀pẹ̀ pupa Àngúwà Dòrówà ni mo ń rí.

Ẹ̀yìn Galadimawa ni Àngúwà Dòrówà wà. Nígbà tí a kọ́kọ́ débẹ̀, oko iṣu àti igbó ni. Àwọn àgbà Gbagyi tó ni ilẹ̀ ló fún wa láyè, ìjọba ìbílẹ̀ sì fún wa ní ìwé pélébé kan. A mọ̀ pé ìwé náà kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ta ló ní èyí tó lágbára? Gbogbo ayé ló ń kọ́lé. Káfíńtà ni mí. Nínú ilé mẹ́wàá mẹ́wàá tí ẹ bá kà ládùúgbò náà, ó kéré tán, èmi ni mo kan òrùlé méje. Yàrá mẹ́rin ni tèmi, igi ọ̀gánwó ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn iwájú. Sàídátù, ìyàwó mi, máa ń fi òróró nù ún lọ́jọọjọ́ Jímọ̀.

Iredélé ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Kàbà ni, onígbàgbọ́ ni, èmi jẹ́ mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí wa á rò pé ìyá kan ló bí wa. Òun ló gbé Lateefah sẹ́yìn ọ̀kadà sáré lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, òjò ń rọ̀, omi kún ojú ọ̀nà. Láràárọ̀ ni yóò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, á kí mi bí wọ́n ti ń kíra nílé wọn.

"Okun o, Bùsàrí!"

"Okun o, ará Kàbà tí kò mọ ọ̀nà Kàbà mọ́!"

Á ní òun mọ̀ ọ́n, pé ọ̀nà ni kò mọ òun mọ́. A ó rẹ́rìn-ín, á sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn awọnlẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá ìjọba la ọ̀nà. Kì í ṣe ọ̀gá o. Òun ló ń gbé ọ̀pá, òun ló ń kan èèkàn, òun ló ń ru ẹ̀rọ. Odidi ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń ṣe é bí alágbàṣe. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń sọ fún un pé lẹ́yìn ọdún tuntun àwọn yóò gbà á síṣẹ́ pátápátá.

Nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fa ọ̀nà ńlá láti ìlú wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, inú wa kọ́kọ́ dùn. Ta ni kò fẹ́ ọ̀nà? Àfi ìgbà tí àwọn awọnlẹ̀ gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ níwájú mọ́sáláṣí, tí wọ́n ń fi ojú kan wo àárín ilé wa. Káyọ̀dé, fọkanáísà tó wà ní ìta, ló kọ́kọ́ figbe ta. Ká tó wí, ká tó fọ̀, a ti lé wọn dé títì. Èèkàn tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, àwọn obìnrin wa fi dáná ọbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n padà wá, ẹ̀ẹ̀mẹta la lé wọn. A pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún wọn láyè. Iredélé fúnra rẹ̀ ló là á yé wa: tí wọn kò bá rí ilẹ̀ wọ̀n, wọn kò ní àwòrán, tí kò bá sí àwòrán, kò sí ọ̀nà.

Ó wá bá mi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Ó jókòó sórí pákó tí mo ń fá lọ́wọ́, kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi.

"Bùsàrí, ẹ ò lè máa lé ìjọba títí ayé."

"A ó lé wọn títí tí yóò fi sú wọn."

"Kò ní sú wọn. Gbọ́. Ojú ọ̀nà méjì ló wà nínú ìwé wọn. Ọ̀kan gba àárín ilé wa. Èkejì gba inú igbó ẹ̀yìn yẹn, lápá odò. Ti odò ló sàn fún wa, ṣùgbọ́n igbó ibẹ̀ ti dí jù, wọn ò ríran wọ̀n ọ́n. Tí a bá fọwọ́ ara wa ṣán ìlà kan gbọọrọ síbẹ̀, èmi ni n ó kan èèkàn rẹ̀. Ìlà yẹn ni ààlà. Ọ̀nà á wà lápá odò, àwa á wà lápá ibí. Kò ní kọjá ààlà."

"Ó dá ẹ lójú?"

Ó wò mí. "Bùsàrí, ta ló gbé ọmọ ẹ dé ilé ìwòsàn?"

Mo gbé irinṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo ní kí ó sọ ohun tí n ó ṣe.

"Ìwọ ni kí o bẹ ọ̀wẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n má là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Tó bá dé etí àwọn ọ̀gá mi pé mo ń ṣe tiyín, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn."

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ọ̀wẹ̀ mọ́. Tí iṣẹ́ bá ju agbára ẹnì kan lọ, á bẹ ará, á bẹ ọ̀rẹ́, wọn á gbé irinṣẹ́ wá, á fún wọn lóúnjẹ, ó parí. Wọn kì í béèrè owó. Wọn kì í sì í béèrè ìdí, nítorí ẹni tó bẹ̀ ọ́ gan-an ni ìdí. A gbé e láti ilé wá sí Àbújá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ mọ́sáláṣí, bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Iredélé, bẹ́ẹ̀ la ṣe gbẹ́ kànga. Nítorí pé mo ti gun òrùlé púpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí mo bá bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n máa ń ya bò mí ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, ogójì ènìyàn ó lé ló wá. Sàídátù ti se ẹ̀wà ìkòkò méjì, ó ń dín dòdò lọ́wọ́. Káyọ̀dé gbé àdá sí èjìká.

"Bàbá Lateefah, ṣé ìyàwó kejì lẹ fẹ́ kọ́lé fún létí odò ni?"

Sàídátù dá a lóhùn láti ìdí iná. "Jẹ́ kó kọ́ ọ ná. Èmi náà mọ àdá í lò."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Iredélé ti ri ọ̀pá mẹ́ta mọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó ń fi ọwọ́ darí wa. "Ẹ wá sọ́tùn-ún! Díẹ̀ sí i! Ó tó!" A ń ṣán, a ń gé, a ń wọ́ igi dànù. Ìyá kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùnní, opó ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni Jọmílójú. Òun ló ń kó koríko tí a gé. Nígbà tó ṣe, ó nàró, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Bàbá Lateefah, kí ni ìlà gbọọrọ yìí wà fún? Oko kì í rí báyìí."

Mo ní, "Ìyá Jọmílójú, ṣé wọ́n máa ń bi ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ní irú ìbéèrè yẹn ni?"

Ojú tì í. Ó ní kí n má bínú, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kó koríko rẹ̀ lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìlà náà ti já. Ó tọ́ ju okùn tí mo fi ń sàmì sára pákó lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn ti túká, Iredélé kan èèkàn sí àárín rẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa kun orí wọn. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé mi dé ìdí èèkàn: ogójì ìṣísẹ̀. Mo ronú pé ogójì ìṣísẹ̀ ni yóò wà láàárín wa àti ariwo mọ́tò, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ilé iṣẹ́ náà pe gbogbo wa sí ìpàdé lórí pápá ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n gbé àwòrán ńlá kan kọ́ sára pátákó. Énjíníà wọn ń jẹ́ Tony, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ènìyàn í kí. Òyìnbó ló ń sọ. Iredélé dúró lápá ọ̀tún rẹ̀ láti máa túmọ̀ sí Yorùbá, akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Mukhtar dúró lápá òsì, ó ń túmọ̀ sí Háúsá. Aṣọ iṣẹ́ tuntun wà lọ́rùn Iredélé, wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà sí àyà rẹ̀. Mo rí i, inú mi sì dùn sí i. Mo ní wọ́n ti gbà á síṣẹ́ nìyẹn.

Énjíníà sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Iredélé ní, "Ó ní òun kí gbogbo yín."

Ọ̀rọ̀ gígùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ kíkí nìkan. Mukhtar gbà á ní tirẹ̀, kò fo ìkankan. "Muna godiya ga Alhaji Busari, shi ne ya kawo mutanensa suka buɗe mana hanya."

Ta ló gbé Àbújá fún ọdún mẹ́wàá tí kò gbọ́ Háúsá? Gbogbo wa la gbọ́. Ó ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji Bùsàrí, òun ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tí wọ́n la ọ̀nà fún àwọn. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn pàtẹ́wọ́. Àwọn tèmi yí ọrùn, wọ́n ń wò mí.

Ìbídùnní dìde. "Ọ̀nà wo la là?"

Énjíníà kò mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó fi ìka tọ́ ìlà pupa kan lórí àwòrán. Ó ní ìlà tí ẹ ṣán nìyí, àárín ọ̀nà gan-an nìyí. Mítà àádọ́ta sí ọ̀tún, mítà àádọ́ta sí òsì, ọ̀nà ló ni gbogbo rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Iredélé kò túmọ̀ ohunkóhun. Ó ń ká bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ká a, títí tí kò fi ṣe é ká mọ́. Mukhtar ló sọ ọ́. Mo ṣírò ogójì ìṣísẹ̀ mi. Kò tó mítà àádọ́ta. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Bàbá Lateefah," Káyọ̀dé ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "kí ni wọ́n fún yín?"

Mo bá Iredélé nílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Etí títì, lókè lọ́hùn-ún, ni ilé tirẹ̀ wà, ọ̀nà kò dé ibẹ̀. Ó fún mi ní àga. Mo ní n kò jókòó.

"Ààlà lo pè é, Iredélé."

"Ọlọ́pàá ni wọn ì bá kó wá, Bùsàrí. Ìbọn ì bá dún. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló dáa jù yìí?"

"Ààlà lo pè é."

Ó jókòó sórí àga tí mo kọ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ní tí mo bá lè jẹ́ kí ìlà yẹn là láìsí ìjà, wọ́n á gbà mí. Mo ti ń darúgbó lẹ́yìn ọ̀pá."

"O lè sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ fún ẹ, ṣé wàá bẹ ọ̀wẹ̀ náà?"

Mo rìn padà sílé, ọ̀rọ̀ yẹn ń rìn níwájú mi. Ó mọ̀ pé tí òun fúnra òun bá bẹ ọ̀wẹ̀, ènìyàn mẹ́rin kò ní jáde. Ó ti jókòó, ó ti wo gbogbo ayé mi yí ká, ó ti rí ibi tó ṣe é dì mú nínú rẹ̀, kó tó wá jókòó sórí pákó mi lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Ilé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí pé àwọn yóò wó. Mo ṣàlàyé títí, ètè mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Káyọ̀dé ní owó tí wọ́n san, èmi àti Iredélé la jọ jẹ ẹ́. Ní mọ́sáláṣí, àyè máa ń ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ mi nínú ìlà ìrun. Tí Sàídátù bá lọ ra ata, wọ́n á wọ̀n ọ́n fún un, wọn kò ní lanu kí i. Obìnrin yẹn kò bú mi rí nítorí rẹ̀. Ì bá sàn kó bú mi.

Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan kí kátàkátà tí yóò wó ilé wa tó dé. Páànù òrùlé àti ilẹ̀kùn nìkan ló kù tí mo lè gbà là, ọwọ́ mi nìkan kò sì ká a. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo bẹ ọ̀wẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Sàídátù se oúnjẹ èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A jókòó. A ń gbọ́ tí òòlù ń dún káàkiri, tí wọ́n ń bá ara wọn tú ilé. Oòrùn yọ, ó ga, ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ wa.

Iredélé ló dé. Aṣọ àtijọ́ ló wọ̀, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Lateefah," Sàídátù ní, "ṣé ẹ ó jẹ́ kí èyí gun ilé mi?"

Bàbá mi kọ́ mi pé a kì í lé ẹni tó jẹ́ ìpè ọ̀wẹ̀. Mo yà fún un. Iredélé ti gbé àkàbà ti ara ògiri.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń fa ìṣó yọ, ó ń na páànù sí mi, èmi ń gbà á nísàlẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, a ti tú òrùlé tán, ojú ọ̀run wà nínú yàrá tí Sàídátù bí ọmọ wa sí. Sàídátù wọlé lọ, ó ní òun kò ní bu oúnjẹ fún un. Mo bu ú fúnra mi. Mo bu ú kún bí wọ́n ṣe ń bu ú fún ẹni tó wá ṣe ọ̀wẹ̀, mo fi omi tì í, mo gbé e síwájú rẹ̀.

Kò fọwọ́ kàn án. "Bùsàrí, bú mi. Jọ̀ọ́, bú mi."

"Jẹun," mo ní. "Ọ̀wẹ̀ lo wá ṣe."

Ó fọ ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú abọ́. Mo dúró tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán.