Ewúrẹ́ Ọ̀gá Kọ́lájọ

Inú máa ń bí mi tí ènìyàn bá pe bàbá mi ní púrúǹtù. Òótọ́ ni pé Ọlọ́rundáre, apẹja ará Abereke, kò mọ a yàtọ̀ sí b. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, orúkọ ọmọ igba ó lé mẹ́tàlá ì bá ti bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé lọ́sàn-án Tọ́sìdeè kan, èmi Moríkẹ́ ni ǹ bá sì ti fọwọ́ ara mi fi wọ́n ránṣẹ́.

Akọ̀wé ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Ugbonla. Orí òpó ni ilé-ìwé wa dúró sí lójú omi, afárá pákó la sì ń gbà láti kíláàsì dé kíláàsì. Níbòmíràn, ìwé orúkọ ọmọ ilé-ìwé máa ń sọ nọ́ńbà ojúlé àti orúkọ àdúgbò. Àwa kò ní títì, a ò sì ní nọ́ńbà ojúlé. Ohun tó wà nínú ìwé tiwa ni orúkọ ọmọ, iṣẹ́ àwọn òbí rẹ̀, nọ́ńbà fóònù wọn, ọkọ̀ tí ọmọ ń wọ̀, èbúté tó ti ń sọ̀ àti aago tó ń sọ̀. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá ní ìwé yẹn lọ́wọ́ ti mọ ọmọ tó fẹ́ jí, ó ti mọ ibi tó ti máa rí i, ó sì ti mọ ẹni tó máa pè lẹ́yìn náà. Lọ́dún yẹn, wọ́n ti jí olùkọ́ méjì àti ọmọ òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì kan gbé lójú omi láàárín oṣù mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ń ti ìwé náà mọ́ fi máa ń wà lọ́rùn mi, bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tí mò ń wí, ọ̀gá àgbà wa, Ọ̀gá Kọ́lájọ, ti lọ sí Àkúrẹ́ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ wọn kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín: bí òṣìṣẹ́ ilé-ìwé ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ará Ṣakí ni ọ̀gá, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ti lo ọdún mẹ́rin láàárín wa, síbẹ̀ ó ṣì máa ń dirọ̀ mọ́ etí ọkọ̀ bí ọkọ̀ bá ti mì díẹ̀.

Aago kan kọjá díẹ̀ ni Wọ́ọ́sáàpù mi dún. Fọ́tò ọ̀gá ni mo rí, èyí tó ti dé fìlà pupa.

"Moríkẹ́, àwọn tó pè wá síbí ń béèrè ìwé orúkọ gbogbo ọmọ wa. Ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ kí ilé-ìwé tó parí. Má yọ ti ọkọ̀ àti èbúté kúrò."

Mo fèsì pé, "Ẹ káàsán, sà. Ṣé kò lè dúró dìgbà tí ẹ bá dé?"

"Lẹ́tà tí yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ pátápátá ṣì wà lórí tábìlì mi. Bí o kò bá fẹ́ kí n buwọ́ lù ú, sọ fún mi."

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yẹn bí òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, èmi àti ọ̀gá nìkan ló sì mọ̀ pé lẹ́tà náà ti dé. Orí Wọ́ọ́sáàpù yìí kan náà ló ti sọ fún mi. Ta ló tún lè mọ̀ ọ́n? Mo pe nọ́ńbà rẹ̀, ó ti pa fóònù. Kí n má purọ́ fún yín, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé ìwé náà jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni Khalid wọlé. Olùkọ́ ìṣirò wa ni, ọmọ Ìlọrin tí kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Òun náà di fóònù mú.

"Àǹtí Moríkẹ́, ọ̀gá ní kí n wá bá yín yà á kó lè yá."

Ó ti ṣí ìwé kí n tó dáhùn. Orúkọ Promise ló wà lókè ojú ìwé tó ṣí, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì. Mo rí ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ síwájú orúkọ rẹ̀: ọkọ̀ Àsíátù, èbúté ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ìwé náà.

"Dúró ná, Khalid."

"Àǹtí, ọ̀gá mà ni. Fọ́tò rẹ̀ rèé."

"Mo rí fọ́tò. Èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni n kò tíì rí."

Nígbà ìjà odò láàárín àwa Ìlàjẹ àti àwọn aládùúgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Wọ́n ń sun abúlé kiri, a sì ti bá àwọn tí à ń bá jà gbé pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tí kò gbọ́ èdè ẹnì kejì. Bàbá mi ló ń ṣọ́ èbúté wa ní Abereke. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìkùukùu bo omi, ọkọ̀ kan ń bọ̀, ẹnì kan sì ké látinú rẹ̀ pé òun ni Adégbóyè, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kí wọ́n ju okùn sí òun. Ìlàjẹ tó sọ dán mọ́rán. Ìyá mi ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá mi kò ju okùn.

Ó ní, "Adégbóyè, ọma mi! Ajá ulí wa tó ń ṣàìsàn ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ ti yá, bàbá!"

A kò ní ajá nílé wa rí. Bàbá mi lu páànù tó fi kọ́ sẹ́bàá rẹ̀, gbogbo wa gba ẹ̀yìn ilé bọ́ sínú ọkọ̀. Wọ́n sun ilé náà, ṣùgbọ́n àwa ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò sí nínú rẹ̀. Bó ṣe ń wa ọkọ̀ lọ ló sọ fún mi pé, "Ọma mi, irọ́ ni kó o fi máa bi ẹni tí o kò rí ojú rẹ̀ ní ìbéèrè. Àlejò á gba irọ́ náà. Onílé á bá ọ jà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo rántí níwájú Khalid, mo sì tẹ èyí sórí fóònù: "Ẹ má bínú, sà, mo ti ń yà á. Ìyàwó yín ní kí n bi yín, ṣé kí wọ́n fún ewúrẹ́ yín ní oògùn tó kù?"

Khalid ranjú mọ́ mi. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní ilé-ìwé wa pé bí ewúrẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá Kọ́lájọ kọjá, yóò sín títí omi yóò fi máa bọ́ lójú rẹ̀.

Èsì dé kíá. "Kí wọ́n fún un. Fọ́tò dà?"

Khalid ju fóònù tirẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́. "Subhanallah! Àǹtí, ta ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀?"

"Àlejò ni."

Mo ti ìwé mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kí Khalid lọ láti kíláàsì dé kíláàsì, kó sọ fún gbogbo olùkọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ọ̀gá. Èmi pe Àsíátù, mo pe gbogbo àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ wa. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má dá gbéra lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́ta, ọkọ̀ mọ́kànlá jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn àgbà apẹja sì ń wa ọkọ̀ tiwọn tẹ̀ lé wọn. Gbogbo ọmọ ló délé. Nígbà tí Àsíátù pè mí pé Promise ti wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé sí ẹni tó wà lórí Wọ́ọ́sáàpù: "Ewúrẹ́ kí yín o." N kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú ń tì í. Kí ọkọ̀ rẹ̀ tó kan èbúté ni mo ti ké sí i.

"Ọ̀gá, ewúrẹ́ yín ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ wo? Moríkẹ́, ta ló sọ fún ọ pé mo ní ewúrẹ́? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Mo ju okùn sí i.

Ó jẹ́wọ́ fún wa lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láàárọ̀ Tọ́sìdeè, ẹnì kan pè é, ó ní òun wà lára àwọn tó ń kọ́ wọn, pé kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan yóò wọ fóònù rẹ̀, kó kà á fún òun nítorí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀gá kà á ketekete. Àṣé kọ́kọ́rọ́ Wọ́ọ́sáàpù rẹ̀ ló kó lé wọn lọ́wọ́, tòun ti ọ̀rọ̀ lẹ́tà mi tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń kọ́ wọn lóòótọ́ ní kí gbogbo wọn pa fóònù, kí ẹ̀kọ́ lórí ààbò lè bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó buwọ́ lu lẹ́tà mi. Lẹ́yìn náà ó gbé bébà síwájú láti kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́.

"Wọn yóò béèrè ẹni tó kọ́ ọ ní ọgbọ́n yẹn. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Ọlọ́rundáre, apẹja, Abereke."

"Ìwé ẹ̀rí wo ló ní?"

Mo wo ojú fèrèsé. Promise ń sáré kọjá lórí afárá pákó, báàgì rẹ̀ ń gbá a lẹ́yìn.

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe wí i. Mo dúró tì í títí tó fi parí, kó má baà ṣi orúkọ bàbá mi kọ.