Ẹ̀rọ Ni Mo Yàn

"Ẹ̀rọ yìí ni màá mú," mo wí, mo sì gbé ọwọ́ lé e.

Ọkùnrin tí òun àti ọmọ mi jọ dá ilé iṣẹ́ ọ̀dà yìí sílẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kò burú, Bàbá. Bí ẹ bá ní kí n ṣí páànù orí ilé kún un, màá ṣí i."

Ọmọ mi ti lo ọjọ́ mẹ́tàlélógójì nínú ilẹ̀. Yàrá tó ti ń fi ẹ̀rọ náà po ọ̀dà la wà, tí a fẹ́ pín ohun tó fi sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó di ìwé kan mọ́ àyà. Inú ìwé náà ni ọmọ mi kọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n ń pò pọ̀ sí, kí ọ̀dà má baà bó lára ògiri tí omi ń rin. Ọdún mẹ́fà ló fi wádìí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún alájọṣe ọkọ mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n mú owó wá síbi iṣẹ́ yìí, ọkọ mi mú èyí wá. Òun ni okòwò tirẹ̀."

"Ṣé ìwé ni àwọn ọmọ yóò máa jẹ?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ẹni tó ni ayùn ló ń lówó. Àwa tí a mọ igi í là, kò gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ kan láti rí arọ́pò wa. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

"Ẹ gbọ́ tàgbà, ìyàwó wa," ọkùnrin náà wí. "Ta ló ń gbé ìmọ̀ sórí ìwọ̀n?"

Ó ti tẹ ìwé àdéhùn sílẹ̀ kó tó pè wá: irin jẹ́ ti ẹbí, ohun tó wà lákọsílẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè bó ṣe mọ ohun tí màá yàn. Mo fọwọ́ sí i. Mo na ọwọ́ sí ìwé tó wà láyà ìyàwó ọmọ mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, mo sì gbé e fún ọkùnrin náà.

Lóṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ ńlá kan wá bá ọkùnrin náà dòwò pọ̀. Wọn ò béèrè ẹ̀rọ. Wọ́n ti ní mẹ́jọ tó dára ju tiwa lọ. Ìwọ̀n inú ìwé ni wọ́n wá rà.

Ẹni tí mo pè wá ra ẹ̀rọ tèmi yí i po lẹ́ẹ̀kan. "Bàbá, irú èyí kún ìgboro bí eéṣú. Kí lẹ fẹ́ máa fi í pò? Àfi kí adìẹ yín máa yé sínú rẹ̀."

Ìyàwó ọmọ mi lọ wáṣẹ́ sílé iṣẹ́ ńlá náà. Wọ́n ní kó máa fọ garawa. Ṣùgbọ́n àmì ni ọmọ mi fi kọ ọ̀pọ̀ nǹkan, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Láràárọ̀, wọ́n á pè é kó wá ṣàlàyé ojú ìwé kan fún àwọn tó kàwé jù ú lọ. Bó bá ṣe tán, á padà sídìí omi. Owó afọgarawa ni wọ́n ń san fún un.

Lánàá, mo ní kó panu mọ́ bí wọ́n bá tún pè é.

"Bí mo bá panu mọ́, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé," ó fèsì. "Ojú ìwé mọ́kànlá ló sì kù."

"Bó bá wá tán ńkọ́?"

Ó di gèlè rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti ń ṣe láràárọ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ì bá sàn fún mi kó bú mi.