Ọjọ́ Méjì Ni Ìrìn Náà

Onídìrí kò dìde. Àwọn èrò yòókù ti ń gbé ẹrù wọn, wọ́n ń tò lọ sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú, òun gbá bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, a ti dé," ni ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò wí.

"A ti dé ibi tí a ó ti wọ òmíràn, àbí?"

"Rárá o, mà. Ibi tí ẹ ń lọ gan-an nìyí."

"Má fi mí ṣeré o, ọmọ yìí. Ọjọ́ méjì ni ìrìn tèmi. Ṣebí alẹ́ àná la gbéra!"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀nà náà jìn lóòótọ́, àmọ́ oorun ẹyọ kan ni ọkọ̀ fi ń fò ó.

Họ́wù! Ọjọ́ méjì ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin máa ń wí, ẹni tó ń gbé nílùú tí wọ́n dé yìí, tí gbogbo ilé ń pè ní Ààyò nítorí pé òun ni ìyá wọn fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá ti ní kó wá kí ìyá, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ méjì ni ìrìn yìí o." Ta ni yóò bá a jiyàn? Ta ló wọ ọkọ̀ òfuurufú rí nínú wọn? Nígbà tí dókítà wá fa Onídìrí sí kọ̀rọ̀ lóṣù tó kọjá, tó ní ìyá lè má rí ọ̀túnla, ìṣirò yẹn ló ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló pe Ààyò lórí fóònù: "Má wulẹ̀ dààmú ara rẹ mọ́, o ò ní bá a." Ààyò ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi." Ìyá rí ọjọ́ kejì já, ó ń wo ẹnu ọ̀nà títí ẹ̀mí fi bọ́.

Ààyò ń dúró dè é níta, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Báwo ni oorun ẹyọ kan ṣe di ọjọ́ méjì?"

"Àná lẹ wọkọ̀, òní lẹ dé. Àná ọ̀kan, òní èjì. Ṣé kì í ṣe bí a ṣe ń ka ọjọ́ nílé nìyẹn?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á lóòótọ́. Ohun tó dun Onídìrí wọ eegun nìyẹn: kò rí ọ̀nà tó máa fi pè é ní òpùrọ́.

"Lọ́jọ́ tí mo ní o ò ní bá ìyá wa, ṣé o mọ̀ pé mo ti ṣì í kà?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ààyò. Ó wo ilẹ̀. "Mo mọ̀. Mi ò kàn fẹ́ rí i bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ṣe Onídìrí bíi kó gbá a létí lójú gbogbo èèyàn. Ìyá tó ń kú lọ, ta ló bi í bóyá ó fẹ́? Àmọ́ Ààyò ti gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó wúwo, ó ń béèrè bóyá ebi ń pa á. Onídìrí tẹ̀ lé e. Ká tiẹ̀ ní yàrá tó kángun sí ti ìyá ni ọmọ yìí ń gbé, bákan náà ni ìyá wọn ì bá ṣe kú láìfojú kàn án.